Wáyà Tí Kò Síná Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí Ròkíátù alágbàfọ̀ bá yín jà, ẹ jẹ́ kí aṣọ tó ti fọ̀ kan ilẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó. Ẹ lè bú u, ẹ lè pẹ́ kí ẹ tó wá kó aṣọ yín, ẹ lè sọ pé alágbàfọ̀ kan wà ní Ìbàfò tí aṣọ rẹ̀ ń mọ́ ju tirẹ̀ lọ, kò ní dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá já ṣẹ́ẹ̀tì kan bọ́ lára okùn, ẹ ó rí bí yóò ṣe sáré gbé e bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣubú, tí yóò dá a padà sínú omi, tí yóò sì tún un fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí eruku ara rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ohun tí ojú lè rí. "Aṣọ tí mo bá ti fọ̀ kì í kan ilẹ̀." Tìbínú-tìbínú ló máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ti ń bá a jiyàn.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Ìbíwùnmí ni mí. Yàrá tèmi àti ti Ròkíátù kọjú síra nílé Díákónì Adéyẹ́misí ní Lọ́tò, ní Mòwé, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí mo sì ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn létí títì. Mi ò ní fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Ó bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ ní kí n fọwọ́ wọ́nú, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán ná.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí Ròkíátù sí, nítòsí ojú irin. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó mọ̀ ọ́n lójú. Sùwéébátù, ìyá rẹ̀, ló fi aṣọ fífọ̀ tọ́ ọ dàgbà. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni obìnrin náà ń fọ̀, èyí tó ti mu gíríìsì yó, a sì máa lù ú lórí òkúta títí yóò fi tún jọ aṣọ èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ròkíátù ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ti gba òfin ilẹ̀ yẹn. "Ilẹ̀ là ń tẹ̀, aṣọ là ń wọ̀," ni ìyá máa ń wí, "ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, ọ̀bùn ni." Ìgbà kan wà tí Ròkíátù, ọmọdé ni nígbà náà, jẹ́ kí aṣọ ọ̀gá kan bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún ni. Ròkíátù ní ẹkún yẹn dun òun ju ẹgba lọ.

Ó lọ́kọ ní Akúté, ó bí Àbdùlsàmàd fún un. Ọjọ́ tí ọkọ gbé ìyàwó mìíràn wọlé láìjẹ́ pé ó bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Ròkíátù ká aṣọ tirẹ̀, ó ká ti ọmọ rẹ̀, ó fi gbogbo aṣọ ọkọ sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó sì jáde. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Mòwé ló wá, nítorí àwọn ará Èkó ń ya wọ Mòwé nígbà náà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń háyà ilé, wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ, wọn kì í sì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Sátidé wọn, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin. Sọ́ńdè wọn, ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò fọṣọ? Ròkíátù ni.

Ilé Díákónì kò burú ní wíwò. Láti táǹkì tó wà lókè, páìpù onírin ló gbé omi wá sí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó dúró láàárín àgbàlá, Díákónì a sì máa fi yangàn. "Irin ni tèmi," ni yóò wí, "kì í ṣe rọ́bà tí oòrùn ń bẹ́." Ìyàwó rẹ̀, Stella, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tolú, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn nítorí pé inú ń bí mi. Bí ó bá se oúnjẹ, a máa bù fún àwọn ọmọ ayálégbé. Bí ó bá sì rí ẹni tí nǹkan nira fún, kì í lè dákẹ́.

Ìwà rere yẹn náà ló fà á. Nígbà tí Ròkíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, wáyà onírin ló fi ń sáṣọ, wáyà ọ̀hún sì dógùn-ún, ó fi àmì pupa ya ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí oníbàárà kan fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Ròkíátù ń bínú, ó ń sunkún, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ojú ibẹ̀, kò lọ. Màmá Tolú ń wò ó láti ojú fèrèsé. Lójú ẹsẹ̀ ló jáde, tó yí ilé náà po, tó rí wáyà gbọọrọ kan tó ní awọ rọ́bà aláwọ̀ ewé. Láti ẹsẹ̀ páìpù omi ni wáyà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìdí ògiri lọ sẹ́yìn ilé, níbi tó ti so mọ́ irin kan tí wọ́n gbá wọnú ilẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀. Díákónì mú tẹ́sítà, ó fi kan ẹnu wáyà náà. Kò tàn. Iná wà nínú ilé, tẹ́sítà kò tàn.

"Kò síná nínú ẹ̀," ni Díákónì wí. "Wọ́n kàn fi wáyà mi ṣòfò ni."

Wọ́n gé e. Màmá Tolú ká a lọ́wọ́, ó gbé e wá bá Ròkíátù. "Ìyá Sàmàdù, ẹ gbà, ẹ fi máa sáṣọ. Rọ́bà ló bò ó, kò lè dógùn-ún." Ròkíátù kúnlẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ méjèèjì, ó dúpẹ́ títí Màmá Tolú fi fà á dìde. Ó ta wáyà náà láti ara igi máńgòrò dé ara igi fúrúùtù, ó sì gbàdúrà fún obìnrin yẹn. Wáyà tó dára ni lóòótọ́. Kò dógùn-ún, kò rọ̀ sílẹ̀, aṣọ a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹní ń rìn lórí ọṣẹ. Gbogbo àlejò tó bá wọ àgbàlá wa ni Ròkíátù máa ń fi okùn aláwọ̀ ewé rẹ̀ hàn.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèyàn jẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn ń ta wá lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọmọ mi lulẹ̀, korobá sì dà lé e lórí. Iná ti wọnú páìpù láti ibì kan, kò sì sí ẹni tó wádìí ibẹ̀. Kí ni Díákónì ṣe? Ó ra sílípáàsì. Sílípáàsì onírọ́bà kan tó nípọn, ó fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ òpó ẹ̀rọ omi kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ ọ́ lọ, ó sì kéde pé kí oníkálukú máa wọ̀ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìyẹn náà ni àtúnṣe. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ó wá di àṣà ilé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti mọ̀ pé èèyàn ń wọ bàtà kí ó tó pọnmi. Bí àlejò bá dé, kí a tó fún un ní ìjókòó, a ó ti wí fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bí iná bá wà, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán dé ibi ẹ̀rọ o." Bí iná kò bá sì sí, ẹ̀rọ a di ọmọlúàbí, ẹni tó bá wù a fi ẹsẹ̀ lásán lọ bá a.

Bẹ́ẹ̀ la wà nígbà tí Ròkíátù lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìfọ̀. Orúnkún màmá kò gbé e dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò lè jókòó lásán. Màmá Ìfọ̀, bí a ti ń pè é, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa ká aṣọ tó ti gbẹ, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó bá hunjọ. Bí ó bá rí ibi tí ọṣẹ kò ṣàn kúrò dáadáa, a ta á padà sí ọmọ rẹ̀. "Tún èyí ṣàn." Ròkíátù tó ń bá gbogbo Lọ́tò jà nítorí aṣọ á gbà á, á sì tún un ṣàn.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn sì ni àlùwàlá. Màmá kì í pa ìrun jẹ. Àlùwàlá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀ nínú bàtà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sílípáàsì hàn án, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mi è lè fọ sílípáàsì fún Ọlọ́run." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ròkíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ra kẹ́tù, ó ń pọn omi sí i láràárọ̀ kí ó tó jáde, kí màmá lè ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Díákónì.

Mo wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́.

"Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá wa pe oníṣẹ́ iná kó wo ẹ̀rọ yìí. Màmá mi ò ríran dáadáa."

"Ìyá Sàmàdù, a ti ṣètò ìyẹn. Sílípáàsì ń bẹ níbẹ̀."

"Àlùwàlá ni wọ́n ń ṣe, sà. Wọn ò lè wọ sílípáàsì fọ ẹsẹ̀."

"Ẹ̀sìn tiyín nìyẹn, madam. Mi ò lè tìtorí ẹ̀sìn ẹnì kan máa tú ilé mi palẹ̀. Gbogbo àwa tó kù ń wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan tó ṣe wá."

Ibẹ̀ ni jẹ́jẹ́ tán. "Ẹ̀rọ yín ń gbé èèyàn, ẹ ní ẹ̀sìn mi ni! Ṣé ẹ̀sìn ló wọnú páìpù ni?"

"Bí ilé yìí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé pọ̀ ní Lọ́tò." Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ ìjọ tí ń gbàdúrà ni èmi náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń dá ìdámẹ́wàá, tó ń wàásù fún ayálégbé lójoojúmọ́, kò lè pe oníṣẹ́ iná wá wo páìpù. Ó wá sọ fún gbogbo ilé pé Ìyá Sàmàdù ń fa ìjà ẹ̀sìn. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àìtètè mólè, olè á mólóko: ẹni tó ń pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́ ló wá di oníjàgídíjàgan.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iná ò sí láti òwúrọ̀. Ròkíátù ti lọ kó aṣọ ní Ìbàfò. Oòrùn mú, mo ti kúrò létí títì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń já ẹ̀fọ́. Àkókò ìrun alásárì tó. Màmá Ìfọ̀ gbé kẹ́tù rẹ̀, ó mì ín, ó ti gbẹ. Ó bi àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ máńgòrò bóyá iná wà. Wọ́n ní kò sí. Òótọ́ ni, kò sí. Ó fi ọ̀pá rìn lọ síbi ẹ̀rọ, ó bọ́ bàtà, ó ṣí omi. Ẹ̀rọ kò ta á. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ẹnu, ó fín omi símú, ó bọ́jú, ó fọ apá dé ìgúnpá, ó fi omi pa orí àti etí. Ó kan ẹsẹ̀. Nítorí orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di páìpù mú kí ó lè bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti tutù yí i ká.

Gílóòbù iwájú yàrá mi tàn. Rédíò yàrá kejì bú sí orin láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ fò sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pariwo bí gbogbo ọmọ Mòwé ṣe ń pariwo: "Up NẸ́PÀ!"

Màmá kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin náà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ọmọ sì ń jó. Mo ké. Mo da ẹ̀fọ́ nù, mo sáré lọ pa iná nídìí mítà. Nígbà tí mo padà dé, ó ti dùbúlẹ̀ sínú omi, ẹ̀rọ ṣì ń ṣàn. A gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò kan. Kí a tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́, a sì gbé òkú rẹ̀ padà wá sílé.

Ìgbà tí Ròkíátù dé, ẹrù aṣọ ńlá wà lórí rẹ̀. Ó rí èrò. Ó rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Kò ju ẹrù náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá àga, ó gbé aṣọ olówó aṣọ lé e, kí ó tó lọ ṣubú lu ìyá rẹ̀. Ohun tí Sùwéébátù fi kọ́ ọ nìyẹn, ó sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà pàápàá.

Àwọn obìnrin àsàlátù wá wẹ òkú. Omi ni wọ́n fi ń wẹ òkú, ibo ni omi wà? Ẹnì kan ti tan iná padà nítorí fìríìjì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń wọ sílípáàsì yẹn ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ń pọn omi nídìí irin tó pa á, a fi ń wẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá bọ́ ọ tán, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́. Ròkíátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ wa. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó yé yín, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ẹsẹ̀ tèmi nínú sílípáàsì ọ̀hún, ó máa ń wù mí kí n fọ́ nǹkan.

Díákónì wá kẹ́dùn. Ó wọ agbádá. "Àkókò màmá ló tó," ni ó wí, ó ń mi orí. "Ẹ̀dá kan kì í kọjá àkókò rẹ̀. It is well." Nígbà tó jáde, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan ní kọ̀rọ̀ pé, "Ṣé a ò ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wọ sílípáàsì?" Àáfà tó wá kírun sí òkú lára náà ní kádàrá ni. Gbogbo èèyàn ń mi orí, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ẹnu wọn kò tíì kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í gbé inú páìpù omi, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kọ́ ló kọ̀ láti pe oníṣẹ́ iná.

Wọ́n sin màmá sí Ìfọ̀. Wọ́n ṣe fidáù. Ròkíátù padà sídìí iṣẹ́, nítorí aṣọ oníbàárà kì í ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú èèyàn, aṣọ ilé Díákónì gan-an wà lára wọn. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi búlúù sí wọn, ó sá wọn sórí okùn aláwọ̀ ewé rẹ̀: funfun báláú, ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì Díákónì àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó sì gba Ìbàfò lọ, ó lọ wá Mùsáfírù, oníṣẹ́ iná tó fa wáyà ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Mùsáfírù kò fẹ́ wá. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ di òkú rù ú. Ròkíátù fi apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́ ọ dé Lọ́tò.

"Sọ ohun tó pa ìyá mi fún mi," ni ó wí, níwájú gbogbo wa. Díákónì àti ìyàwó rẹ̀ ti jáde nítorí ariwo. "Má sọ ti kádàrá fún mi o. Mo ti gbọ́ ìyẹn."

Iná ò sí. Mùsáfírù tọ páìpù náà láti òkè wá sílẹ̀. Ó rí i pé wáyà pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè sínú táǹkì, èyí tí wọ́n so mọ́ páìpù, ti ń gbo ara rẹ̀ títí awọ rẹ̀ fi bó, idẹ inú rẹ̀ sì kan irin. Ó gé ibẹ̀, ó tún un ṣe, kò pẹ́ rárá. Ẹ gbọ́ o, kò pẹ́ rárá! Gbogbo sílípáàsì wíwọ̀ yẹn! Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ páìpù. Ìdè irin kan wà níbẹ̀, kùkùté wáyà aláwọ̀ ewé kan sì yọ lára rẹ̀, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Mùsáfírù dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Wáyà tí mo so síbí yìí dà? Mo fi so páìpù mọ́ irin tí mo gbá wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ta ló gé e?"

Màmá Tolú ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé wáyà tí kò síná nínú ẹ̀ yẹn?"

"Kò yẹ kó síná nínú ẹ̀, mà! Ojoojúmọ́ ayé, kò yẹ kó síná nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá ṣìnà wọ páìpù ló ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni iná á gbà wọlẹ̀, fíúsì á já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò ní dúró sínú irin máa retí ọwọ́ èèyàn."

Díákónì ń wo ilẹ̀. Ó rántí tẹ́sítà rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò wo Díákónì, ojú Ròkíátù ni mò ń wò, mo sì rí i bí ó ṣe gbé ojú náà sókè díẹ̀díẹ̀, láti kùkùté tó wà lẹ́sẹ̀ páìpù lọ sí igi máńgòrò, láti igi máńgòrò lọ sí igi fúrúùtù. Awọ aláwọ̀ ewé kan náà. Aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lórí rẹ̀.

Màmá Tolú ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá Sàmàdù, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Ẹ dìde, mà. Ẹ̀bùn lẹ fún mi. Èmi náà kúnlẹ̀ láti gbà á." Kò pariwo. Ó lọ síbi igi máńgòrò, ó tú ìdí wáyà náà, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Gbogbo aṣọ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀wù Díákónì, ẹ̀wù àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo funfun yẹn, wọnú ẹrẹ̀ tó yí ẹ̀rọ omi ká. Ọ̀kan nínú wa ṣe bí ẹni fẹ́ ṣa wọ́n, Ròkíátù ní, "Fi sílẹ̀ níbẹ̀!" Ó rìn lórí wọn kọjá lọ síbi igi kejì, ó tú ìdí ibẹ̀ náà, ó ká wáyà lọ́wọ́, ó jù ú sí Mùsáfírù láyà.

"So ó padà."

Mùsáfírù so ó padà, láti ẹsẹ̀ páìpù dé ìdí irin ẹ̀yìn ilé. Ó fi ẹ̀mú fún un, ó fà á wò, ó ní ó ti tán. Díákónì ti ń yí padà lọ sínú ilé.

"Díákónì, ẹ dúró, sà." Ròkíátù mú ọ̀bẹ, ó gé okùn sílípáàsì, ó gbé e jù sórí àkìtàn. "Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ wá di ẹ̀rọ yìí mú títí wọ́n á fi muná dé."

"O ya wèrè ni? Bí ọkùnrin yìí ò bá ṣe é dáadáa ńkọ́?"

"Ẹ̀dá kan kì í kọjá àkókò rẹ̀, ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. Bí àkókò yín ò bá tíì tó, kí lẹ̀ ń sá fún?"

Mo dúró kí ó dáhùn. Gbogbo wa la dúró. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ síta.

Ròkíátù bọ́ bàtà. Mo di apá rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ó lọ síbi ẹ̀rọ, ó ṣí omi, ó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí. Kò yára. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di páìpù mú níbi tí ìyá rẹ̀ ti dì í mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ omi. Ó fọ̀ ọ́ tán. Ó gbé ti òsì.

Gílóòbù tàn. Láti ilé kejì, àwọn ọmọ pariwo: "Up NẸ́PÀ!" Àwọn ọmọ tiwa kò pariwo. Màmá Tolú fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ròkíátù fọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìka, ó ti ẹ̀rọ pa, ó sì wọlé lọ kírun alásárì. Aṣọ Díákónì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣa á.